Wọ́n ń fi obìnrin kan ṣẹ̀sín lọ́jà wa, mo ń dákẹ́: kí ni kí n ṣe?

Obìnrin kan tó ń tajà ní Kàbbà, ní ìpínlẹ̀ Kogi, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi, mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá a mọ̀ kúrò: "Ẹ̀gbọ́n, òkun o. Ata àti tòmátì ni mo ń tà. Obìnrin kan ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọkọ ẹ̀ ń ṣe lébìrà oko, apá Benue ni wọ́n ti wá. 'Àgàtú', orúkọ ẹ̀yà kan ní Benue, ni gbogbo ọjà ń pè é, bẹ́ẹ̀ ó lórúkọ. Tó bá sọ Yorùbá, wọ́n á sín in jẹ, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Tí ilẹ̀ bá ti há, igbá tiẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ tì sẹ́yìn. Ìyá kan ló ń ṣe é jù, àwọn tó kù kàn ń gbè é lẹ́yìn ni, àmọ́ ìyá yẹn náà ló ń kó ọjà fún mi láwìn, mo ṣì jẹ ẹ́ lówó. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ mi gbún mi nígbọ̀nwọ́, ó ní ṣé èmi ni lọ́yà ẹ̀ ni. Mo dákẹ́. Mo délé, ọmọ mi tó wà ní JSS2 ní wọ́n ń sín ọmọ kan tó ń tiro jẹ ní kíláàsì àwọn, ó ní kí lòun lè ṣe, mi ò mọ ohun tí màá sọ nítorí èmi gan-an ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n ṣe tí wọn ò ní kó mi mọ́ ọn? Kí ni kí n sọ fún ọmọ mi? Ṣé ó sì yẹ kí n lọ bẹ obìnrin yẹn pé mo ti ń wòran látọjọ́ yìí?"

Àbúrò mi, òkun o, ẹ kú ọjà. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ, ẹ̀rù ìyá tó ń kó ọjà fún ẹ ń bà ẹ́, ojú ń tì ẹ́ pé o dákẹ́, ọmọ ẹ sì ń wò ẹ́. Ìtìjú yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbé kúrò ńlẹ̀, kì í ṣe torí pé mo fẹ́ tù ẹ́ nínú o, ìtìjú kì í jẹ́ kéèyàn ronú dáadáa ni. Ẹni tójú ń tì á máa wá ohun ńlá kan tóun máa ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti fi wẹ ara ẹ̀ mọ́, á dìde lójú ọjà, á pariwo, ìyá á pariwo padà, èèyàn á pé jọ, wọ́n á tú wọn ká, tó bá wá di ọ̀la, obìnrin tí wọ́n torí ẹ̀ pariwo yẹn náà ni ìyá máa fi ìbínú àná gbẹ̀san lára ẹ̀. Mo rí irú ẹ̀ títí nígbà tí mo fi ń ṣe gáídáǹsì ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Ìjùmú àti Yàgbà. Akíkanjú ọjọ́ kan á lọ sílé, ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ ò níbì kankan tó ń lọ.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹni tó ń wòran tí ò sọ̀rọ̀ ò láàánú ni, tàbí pé ojo ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíì, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1964 wọ́n pa ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Kitty Genovese ní New York, ìwé ìròyìn wá gbé e pé èèyàn 38 ló ń wò tí wọn ò ṣe nǹkan kan. Nígbà tó yá wọ́n rí i pé ìròyìn yẹn ti fi iyọ̀ sí i ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀pọ̀ wọn ò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ dáadáa, ọ̀kan tiẹ̀ pariwo lé ọkùnrin yẹn látojú fèrèsé, ṣùgbọ́n òun ló mú kí àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, John Darley àti Bibb Latané, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tó ń ṣe òǹwòran. Ọ̀kan nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1968 ni pé wọ́n ní kéèyàn jókòó sí yàrá kan kó máa kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n wá ń tú èéfín wọlé látinú ògiri. Tó bá jẹ́ òun nìkan ló jókòó, mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ń dìde lọ sọ fún wọn. Tó bá jẹ́ pé àwọn méjì kan wà lọ́dọ̀ ẹ̀ tí wọ́n ti bá sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n má mira, ẹnì kan péré nínú mẹ́wàá ló dìde, àwọn tó kù ń húkọ́, wọ́n ń nu ojú, wọ́n ń fọwọ́ lé èéfín, wọ́n sì ń kọ fọ́ọ̀mù lọ.

Ohun tó fà á ni pé ojú ara wa là ń wò. Mo ń wò ẹ́ bóyá nǹkan yẹn dùn ẹ́, ìwọ náà ń wò mí, àwa méjèèjì ti tún ojú ṣe kí wọ́n má bàa mọ ohun tó wà níkùn wa, la bá gbà pé kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìdajì àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ní ìsọ̀ yín máa rò pé àwọn nìkan ni nǹkan yẹn ò dùn mọ́. Àmọ́ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún ẹ pé èrò kì í ṣe rere o. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2019 wo fídíò kàmẹ́rà ojú títì láti Amsterdam, Lancaster ní Ìlú Ọba àti Cape Town ní South Africa, ibi tí èèyàn ti ń jà, nínú ìjà mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ni ó kéré tán ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ ò kàn ti dá sí i, bí èrò bá sì ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń dájú tó pé ẹnì kan á dá sí i. Ìyàtọ̀ tí èmi rí níbẹ̀ ni pé ìjà ò fara sin, gbogbo èèyàn rí i pé ìjà ni. Tìrẹ tó wà lọ́jà yẹn, wọ́n ti wọ aṣọ ẹ̀rín fún un, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mira.

"Ẹ̀fẹ̀ là ń ṣe." Wọ́n máa sọ ọ́ fún ẹ, tètè múra sílẹ̀ fún un. Irọ́ kọ́ ni pé ẹ̀fẹ̀ wà nílẹ̀ wa, Òwé á máa yọ Yàgbà lẹ́nu, Yàgbà á máa sín Ìjùmú jẹ, wọ́n á sọ pé Bùnú báyìí, Ọ̀wọ́rọ̀ báyìí, wọ́n á bú ara wọn títí níbi ìgbéyàwó, wọ́n á tún jọ jẹun nínú abọ́ kan náà. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni pa ìyẹn. Àmọ́ nínú ẹ̀fẹ̀ tòótọ́, ẹni tí wọ́n bú lè bú padà kí gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín, bó bá sọ pé ó tó, wọ́n á dẹ̀ ẹ́, kò sì ní torí ẹ̀ pàdánù nǹkan kan. Bi ara ẹ léèrè: tí obìnrin yẹn bá sín ìyá yẹn jẹ lọ́la, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Tó bá sì tún wá di pé wọ́n ń ti igbá ẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀fẹ̀ ti parí níbẹ̀, owó ọbẹ̀ èèyàn ni wọ́n ń fọwọ́ kàn yẹn, ẹni tí oníbàárà ò bá rí kò ní tà.

Nǹkan kan wà tí mo máa ń sọ fáwọn èèyàn wa tí inú wọn kì í dùn sí. Àwa Òkun, ìyẹn àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, mọ bó ṣe ń rí tí wọ́n bá fojú kéré èèyàn. Ọmọ wa á dé Ìbàdàn tàbí Èkó, á lanu sọ̀rọ̀, wọ́n á ní "ṣé Yorùbá nìyẹn?", wọ́n á ní ará Òkè Ọya ni ẹ́. Wọ́n kó wa sí àríwá láyé òyìnbó, wọ́n fi wá sí Kwara, ní August 1991 wọ́n yọ wá sí Kogi, láti ìgbà yẹn a ò tíì rí ọmọ wa tí wọ́n dìbò yàn ṣe gómìnà, àfi nǹkan bí oṣù méjì tí ọ̀kan fi ṣe adelé ní 2008. Kò sí ìpàdé ìdàgbàsókè ìlú kan tí mo lọ tí wọn ò ti sunkún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó sunkún tán yẹn náà á dé ọjà, á ní kí Àgàtú gbé igbá ẹ̀ kúrò lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ iṣu tí à ń jẹ, ta ló ń kọ ebè ẹ̀ báyìí? Àwọn ọmọ wa ti lọ sí Abuja, àwọn lébìrà yìí ló ku tó ń bá bàbá àgbà roko. Kì í ṣe pé kó o lọ fi ọ̀rọ̀ yìí wàásù lọ́jà o, àmọ́ ó wúlò, màá padà sórí ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé ẹ jù nìyí, tó o bá gbàgbé gbogbo èyí tó kù: kì í ṣe iṣẹ́ ẹ láti borí ìyá yẹn. Iṣẹ́ ẹ ni kí obìnrin yẹn má dá wà, kí gbogbo ọjà sì yé rò pé ẹnu gbogbo yín kò lórí ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Àjọ kan wà ní Amẹ́ríkà, Right To Be, tó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè dá sí irú ọ̀rọ̀ báyìí, ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n ń kọ́ wọn, ọ̀kan ṣoṣo nínú márùn-ún yẹn ló jẹ́ kéèyàn kojú ẹni tó ń ṣe é. Mẹ́rin tó kù, ẹni tó jẹ gbèsè gan-an lè ṣe é.

Bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ. Béèrè orúkọ àkọ́bí obìnrin yẹn, kó o máa fi orúkọ ọmọ yẹn pè é bí gbogbo wa ṣe ń pe ara wa, máa pè é kó rinlẹ̀, láàárọ̀, nígbà tí gbogbo ìsọ̀ ń pàtẹ. Kò sẹ́ni tó lè ní kí lo kí èèyàn fún. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, oníbàárà á máa gbọ́ orúkọ yẹn, ẹlòmíì á bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láìmọ̀. Tí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í sín in jẹ, já ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ wọn lẹ́nu láìbá wọn jà, "Ìyá Lágbájá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wá ṣéńjì ẹgbẹ̀rún kan", "ẹ gbà mí ẹ bá mi gbé apẹ̀rẹ̀ yìí", tó bá ti dìde wá bá ẹ, ẹ̀rín yẹn ti tú nìyẹn, ẹni tí wọ́n ń fi ṣe é ti kúrò níwájú wọn. Ó dà bí ohun kékeré, mo mọ̀, àmọ́ ẹ̀sín ò lè dùn tí kò bá sí òǹwòran. Tí wọ́n bá sì ti igbá ẹ̀, sún tìrẹ díẹ̀, ní "ẹ gbé e síbí". Ìwọ lo ni ilẹ̀ tó o sún kúrò, ta ló fẹ́ bá ẹ ṣe ẹjọ́ ẹ̀?

Lẹ́yìn náà wá ẹnì kejì. Láyé 1950 síwájú, Solomon Asch, ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, máa ń kó èèyàn jọ kí wọ́n wo ìlà tó wà lórí páálí, kí wọ́n sọ èyí tó gùn bákan náà, ohun tí ọmọdé lè dáhùn. Ó ti bá gbogbo wọn sọ ọ́ kí wọ́n pa irọ́ kan náà, àfi ẹnì kan ṣoṣo tí ò mọ nǹkan kan. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìdáhùn ẹni yẹn ló ń tẹ̀ lé irọ́ wọn, ohun tó ń fojú ara ẹ̀ rí o. Àmọ́ tí ẹnì kan péré nínú àwọn yẹn bá sọ òótọ́, irọ́ tó ń gbà á já wálẹ̀ sí bí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan péré ló ń yí i. Ọ̀rẹ́ ẹ tó gbún ẹ nígbọ̀nwọ́ yẹn, èmi ò rí i bí ọ̀tá ọ̀rọ̀ yìí rárá. Kó tó lè gbún ẹ, ó ti ń wojú ẹ, ó ti mọ̀ pé o fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyẹn ni pé òun náà ń rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀rù ẹ ló ń bà á. Lọ sílé ẹ̀ nírọ̀lẹ́, má bá a wí, sọ pé "nǹkan tí wọ́n ń ṣe sí obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn, ṣé ìwọ náà ń rí i?", kó o wá dákẹ́ kó o gbọ́ tiẹ̀. Tó bá ní òun náà ń rí i, ẹ ti di méjì, tó o bá sì ti já ẹ̀rín mọ́ wọn lẹ́nu lọ́la, òun á ti gbè ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Ìyá fúnra ẹ̀ wá ńkọ́. Ọmọdé kì í bá àgbà wí lójú ọjà nílẹ̀ wa, tó o bá ṣe é, ọ̀rọ̀ á kúrò lórí ohun tó ń ṣe, á bọ́ sórí pé o rí i fín, ibẹ̀ lo ti máa pàdánù. Ìrọ̀lẹ́ lo máa lọ, sílé ẹ̀, wàá kúnlẹ̀ kí i, má sì jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tó o fẹ́ lọ gba àwìn o! Tó bá ṣeé ṣe, san díẹ̀ nínú gbèsè yẹn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀, torí kí ọ̀rọ̀ owó má bàa jókòó sáàárín yín ni. Má sọ pé ó burú. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Òkun tí mo sọ lókè ti wúlò: bi í bóyá ó ti gbé ìlú míì rí. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ló ti tajà ní Ìlọrin, Èkó tàbí Kàdúná nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, wọn ò sì tíì gbàgbé ẹni tó fi èdè wọn ṣẹ̀sín. Jẹ́ kó ro ìtàn yẹn fún ẹ dáadáa, kó o wá sọ pé, "Ìyá, ó dà bíi pé bó ṣe ń rí lára ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nìyẹn o." Lẹ́yìn ìyẹn, dìde kó o máa lọ. Ó lè bínú. Ó lè má sọ nǹkan kan kó sì dẹwọ́ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, èyí tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn, àgbà kì í sọ pé òun jẹ̀bi, ó kàn máa ń yí padà ni. Tó ò bá lè lọ fúnra ẹ, wá ẹgbẹ́ ẹ̀, tàbí kó o lọ bá ìyálọ́jà ní ìkọ̀kọ̀, òun ló yẹ kó rántí pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Fún un ní ohun tó ṣeé dá sí: má kàn ní "wọn ò nífẹ̀ẹ́ ẹ̀", sọ pé ọjọ́ báyìí, wọ́n ti igbá ẹ̀ kúrò ní ilẹ̀ tó sanwó ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìyálọ́jà lè pa á láṣẹ, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kò lè pa á láṣẹ.

Ọjọ́ kan á wá tó máa jẹ́ pé àfi kó o sọ̀rọ̀ níbẹ̀ náà, bóyá wọ́n ti da ata ẹ̀ nù tàbí ẹnì kan fọwọ́ kàn án. Jẹ́ kó kúrú. Sọ ohun tí wọ́n ṣe, má sọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́: "Ìyá, ẹ má bínú, òun náà san owó tíkẹ́ẹ̀tì." Kó o padà sídìí tòmátì ẹ kó o máa to ó. Ẹni tó bá dúró ṣàlàyé ló máa ń sọ ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Tó bá wá di pé igi tàbí ọ̀bẹ ti jáde, tàbí èrò ti ń ṣù bo ẹnì kan, má dá wọ àárín wọn, pariwo pe àwọn ọkùnrin tó wà nítòsí lórúkọ, ìwọ lágbájá, ìwọ tàmẹ̀dù, ẹni tí wọ́n bá dárúkọ ẹ̀ kì í lè ṣe bí ẹni tí ò gbọ́, kí ẹnì kan sì sáré lọ pe fijilánté tàbí ọlọ́pàá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń bi mí nípa fóònù, pé ṣé káwọn ká a sílẹ̀. Ẹ rántí fídíò tó jáde ní April 2024 láti ilé ẹ̀kọ́ kan l'Ábújá, ibi tí ọmọbìnrin kan ti ń gbá ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ létí léraléra, tó ń bi í ní ìbéèrè kan náà. Fídíò yẹn ló jẹ́ kí ìjọba gbọ́, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ yẹn pa fún ọjọ́ mélòó kan, mi ò lè ní kò wúlò. Àmọ́ àwọn tó ń ká a dúró níbẹ̀, kò sẹ́ni tó di ọwọ́ ẹni tó ń gbáni létí mú, ojú ọmọ tí wọ́n gbá sì káàkiri gbogbo ayé. Tí ẹlòmíì bá ti ń ran ẹni yẹn lọ́wọ́, o lè ká a sílẹ̀, lẹ́yìn náà ẹni tí wọ́n ṣe é sí tàbí òbí ẹ̀ lo máa fún, wọ́n á pinnu ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí i. Má gbé e sórí WhatsApp. Ní ti òfin, àwọn èèyàn máa ń tọ́ka sí abala 42 nínú ìwé òfin 1999 tó ní wọn ò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀yà tàbí ibi téèyàn ti wá ya èèyàn sọ́tọ̀, òótọ́ ni, àmọ́ òfin àti iṣẹ́ ìjọba ló dè jù, kò lè bá ẹ mú ìyá tó ń sín èèyàn jẹ lọ́jà. Ti ọmọ tó ń tiro yàtọ̀. Òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí ní January 2019 sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá fi àbùkù ara ya èèyàn sọ́tọ̀ lè san 100,000 náírà tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì. Kì í ṣe pé kẹ́nikẹ́ni lọ mú ọmọ JSS2 o, àmọ́ pírínsípà tó bá ní "ọ̀rọ̀ ọmọdé ni" yẹ kó gbọ́ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà.

Ọmọ ẹ wá kù. Má sọ fún un pé kó lọ jà, má sì sọ pé kó máa wo ìwé ẹ̀. Àwọn olùwádìí kan ní Canada gbé kàmẹ́rà sí pápá ìṣeré àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2001: nínú ìgbà mẹ́wàá tí wọ́n bá ń yan ọmọ kan jẹ, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ni àwọn ọmọ míì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò, bí ẹyọ kan nínú márùn-ún ni ẹnì kan nínú wọn dá sí. Àmọ́ tí ẹnì kan bá ti dá sí i, ó lé ní ìdajì tó dúró láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá! Orí irú ẹ̀ ni àwọn ará Finland gbé ètò KiVa lé, èyí tí Christina Salmivalli àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ní yunifásítì Turku, àwọn tó ń wòran ni wọ́n ń kọ́ jù, kì í ṣe ẹni tó ń ṣe é nìkan, torí pé ọmọ tó ń yan èèyàn jẹ ń wá ẹ̀rín àwọn tó kù ni, tí wọ́n bá gba ẹ̀rín yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló kù?

Èmi náà rí i. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Ìjùmú tí wọ́n ti ń yọ ọmọ lébìrà kan lẹ́nu, ọmọbìnrin, pírínsípà dá gbogbo ọmọ dúró lórí ìlà láàárọ̀, ó bá wọn sọ̀rọ̀ gan-an, ó sì dárúkọ ọmọ yẹn. Ó le sí i ni. Wọ́n wá ń pè é ní ọmọ pírínsípà. Ohun tó tú u ni pé àwọn ọmọbìnrin méjì kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ pọnmi, wọ́n ń dúró dè é kí wọ́n tó jáde ní kíláàsì, kò sẹ́ni tó rán wọn, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tó fà á, bóyá ọ̀rọ̀ omi lásán ni. Kí táàmù yẹn tó parí, àwọn tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti wá nǹkan míì ṣe. Torí náà sọ fún ọmọ ẹ kó máa bá ọmọ yẹn rìn, kó rìn bí ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ṣe lè rìn, kó jókòó tì í lásìkò bréèkì, tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ kó ní "wá, jẹ́ ká lọ" kí wọ́n jọ kúrò níbẹ̀. Kó má rẹ́rìn-ín, ìyẹn nìkan ti tó iṣẹ́ fún ọmọ tó bá ń bẹ̀rù. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń lu ọmọ yẹn tàbí gba nǹkan ẹ̀, kó sọ fún tíṣà tó fọkàn tán, òfófó kọ́ nìyẹn. Tó bá sì jẹ́ pé tíṣà gan-an ló ń pè é ní arọ, mo sì mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀, kúrò lórí ọmọ, ìwọ àti òbí kan ní PTA ni kẹ́ ẹ jọ lọ, ẹ̀yin méjì, kì í ṣe ìwọ nìkan. Òun náà á máa wo ohun tó ò ń ṣe lọ́jà o, ọmọ kì í gbọ́ wa tó bó ṣe ń wò wá.

Ṣé wọ́n á kó ẹ mọ́ ọn? Ó ṣeé ṣe, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ìyá lè ní òun ò kó ọjà fún ẹ láwìn mọ́, wọ́n lè má pè ẹ́ sídìí àjọ tuntun, wọ́n lè ní ìwọ ni ìyàwó Àgàtú. Àwọn ọ̀nà tí mo kọ́kọ́ sọ yẹn ò ná ẹ ní nǹkan púpọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, lílọ bá ìyá lè ná ẹ lówó, torí náà tó bá jẹ́ pé àwìn yẹn lọmọ fi ń jẹun lónìí, dín gbèsè kù ná kó o tó lọ, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tí ò jẹ gbèsè pè ẹ́ lójo. Ó sì lè má ṣiṣẹ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe gbogbo ẹ̀ tí ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí sì kó lọ sí ìlú míì. Obìnrin yẹn fúnra ẹ̀ lè sọ pé kó o fi í sílẹ̀, torí ó mọ nǹkan tó ń bẹ̀rù ju ìwọ lọ, bóyá ẹ̀gbọ́n ìyá yẹn ló ni ilẹ̀ tí ọkọ ẹ̀ ń ro. Tó bá sọ bẹ́ẹ̀, gbọ́ tiẹ̀. Máa kí i, máa pe orúkọ ọmọ ẹ̀, ìyẹn ò nílò àṣẹ, àmọ́ má lọ bá ìyálọ́jà lórí ẹ̀ mọ́ láìbi í.

Ní ti pé kó o lọ bẹ̀ ẹ́: bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe kó o lọ kúnlẹ̀ sunkún níwájú ẹ̀ tó máa wá di pé òun ló ń pẹ̀tù sí ẹ nínú. Jẹ́ kó jẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń palẹ̀ mọ́, èrò ti lọ, sọ pé "ohun tí wọ́n ń ṣe sí ẹ, mo ń rí i, kò dáa, mo ti dákẹ́ jù, má bínú", kó o wá bi í pé kí lo lè bá a ṣe. Ó lè ní kò sí nǹkan. Ó lè ní kó o bá òun wo igbá òun tóun bá lọ fún ọmọ lọ́yàn. Èyíkéyìí tó bá sọ, òun ni kó o ṣe, dípò èyí tí èmi sọ.